Omi Gbígbóná fún Ọmọ Àkèré

Èmi ni mo gbé ìkòkò omi gbígbóná náà. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá ẹlòmíì tí yóò nà. Àgbàlagbà tí ìdí rẹ̀ ti rọ bí àpò ìrẹsì òfìfo, ni mo bá sọ ara mi di agbẹ̀bí àkèré!

Ní abúlé wa lórí òkè ní Hunan, nílẹ̀ Ṣáínà, abiyamọ tuntun kì í fọwọ́ kan omi tútù fún odindi oṣù kan. Ooru la fi ń tọ́ tìyá tọmọ. Nígbà tí àrùn wá pa àwọn àkèré tí a ń sìn, tó ku ẹyin díẹ̀, ọmọ mi Qingtian pín in sí kòtò omi méjì, tòkè àti tìsàlẹ̀, pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìkejì á gba ìran náà là. Ó ti búra pé bí ìran àkèré bàbá òun bá parẹ́, òun á kó ìyàwó òun lọ ṣiṣẹ́ bàtà rírán ní etíkun. Èmi nìkan á wá kù lórí òkè, èmi àti ẹ̀fọn.

Bí ẹyin ṣe pa di ọmọ onírù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi gbígbóná sí kòtò òkè. Wọ́n dàgbà wàràwàrà. Mo ń yangàn kiri. Èmi kì í sì í ṣojúsàájú o: ohun tí ẹ̀gbọ́n bá jẹ, àbúrò á jẹ níbẹ̀.

Òtútù lọ, ìgbà ẹyin dé. Gbogbo kòtò òkè ń ké kíkankíkan. Akọ ló ń ké pe aya. Ẹyin ò sí. Ọmọ-ọmọ mi Ruozhu, tó ń kọ́ nípa ẹranko nílùú ńlá, wálé, ó ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan.

“Akọ. Akọ tún ni èyí, Ìyá àgbà.”

“Wọ́n jọ ìdílé wa nìyẹn. Ọmọkùnrin ni gbogbo wọn ń fẹ́!” Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rín.

“Oje kan wà lára wọn tó ń sọ èròjà akọ inú ara wọn di ti abo. Bí ooru bá pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì nírù, oje yẹn ò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tó yẹ kó di ìyá á di bàbá.”

“Tí mo bá wá da omi tútù lé wọn lórí ńkọ́?”

“Ó ti pẹ́ jù, Ìyá àgbà.”

Qingtian lóṣòó sétí kòtò òkè. Ni ohùn kan bá ké láti ìsàlẹ̀. Òmíràn gbè é. Kí a tó mí, gbogbo kòtò ìsàlẹ̀ ti ń hó yee.

Ó yíjú sí mi.

“Ìyá mi, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò gbé ìkòkò yẹn débẹ̀.”