Bàálù Wà, Awakọ̀ Kò Sí

Nígbà tí Súnkànmí fi Abuja sílẹ̀ láti lọ máa wa bàálù ní ilẹ̀ Lárúbáwá, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló péjọ jẹun ìdágbére. Nígbà tí Diméjì máa fi tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó rántí dáná mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ ọ̀gá awakọ̀ kan ṣoṣo ní ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń fi bàálù kó aláìsàn láti àwọn ìlú jíjìn lókè Ọya wá sí ọsibítù ńlá ní Abuja. Festus ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Kàbà, ẹni tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, tó sì yẹ kó ti jókòó sílé kó máa gbádùn ara rẹ̀.

Òfin ni pé ẹni méjì ní í wa bàálù náà, ọ̀gá lápá òsì, igbákejì lápá ọ̀tún. Olúwatósìn ni igbákejì. Ọmọ Ẹ̀kìtì ni, Abuja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò tíì fò tó bí òfin ṣe fẹ́ kó fò kí wọ́n tó lè gbé àyè ọ̀gá fún un. Ọjọ́ tí Bàbá Festus kò bá sí nítòsí, ọgbọọgba ni òun àti bàálù náà: kò sí èyí tó lè dá gbéra nínú wọn.

Kì í ṣe pé awakọ̀ tán ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ló rí iṣẹ́ Èkó sí Abuja ṣe tí yóò wá lọ máa balẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa lásán, níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń bo ojú ọ̀run, tí àwọn agbébọn sì ń rìn bó ṣe wù wọ́n nínú igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Kenny, ọ̀gá tó ń darí ilé-iṣẹ́ náà, ti wá èèyàn títí ó fi sú u. Àwọn tó wá béèrè iṣẹ́ kì í padà mọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ àwọn ìlú tí wọn yóò máa lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, Bàbá Festus yà sí ọ́fíìsì wọn ní pápákọ̀ òfurufú láti wá mú àpò tó gbàgbé sínú bàálù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi fò láìsinmi, òfin sì ti sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàálù lọ́jọ́ náà. Rosemary, ìyàwó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló wa mọ́tò gbé e wá. Wọ́n fẹ́ ra ẹja ní ọjà Kado kí wọ́n tó lọ sílé.

Àfi bí fóònù ṣe dún. Tósìn ló gbé e. Dókítà Nafisah ni, láti Tudun Rafi, ìlú kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá aṣálẹ̀ pààlà. Dókítà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

"Tósìn, sànnu," ó fi Hausa kí i. "Obìnrin kan bímọ lánàá, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ti fún un ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílé yìí, mo sì ti fà nínú tèmi kún un. Jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e."

"Ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́?" Tósìn mọ èsì rẹ̀ kó tó béèrè.

"Ọ̀nà wo? Mọ́tò ọsibítù wa tó lọ lóṣù tó kọjá, a ò rí i, a ò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀."

Tósìn yíjú sí Kenny. Kenny ti ń mi orí kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá ò lè fò lónìí. Sọ fún un pé ká rí bí ọ̀la bá ṣe rí."

"Ọ̀la ò sí fún obìnrin yẹn, sà."

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ mọ awakọ̀ látinú amọ̀ ni?"

Tósìn jáde. Àánú obìnrin náà ń ṣe é ní tòótọ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn tún wà nínú ọkàn rẹ̀, tí kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni: gbogbo ìgbà tí bàálù bá gbéra, ó ń sún un mọ́ àyè apá òsì yẹn ni. Ó bá tọkọtaya náà nínú mọ́tò, Rosemary ti fẹ́ ṣíná sí i. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ro ẹjọ́ fún wọn.

"Rárá o," ni Rosemary wí. "Tósìn, wo ojú ẹ̀. Ṣé ojú ẹni tó lè wa bàálù nìyí? Orí ló ń fọ́ ọ láti àárọ̀. Ẹ ò rí ẹlòmíràn pè ni?"

"Kò sí ẹlòmíràn, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Èmi ni màá ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kàn jókòó tì mí."

Bàbá Festus fọwọ́ ra iwájú orí. "Obìnrin náà, ṣé ó dàgbà?"

"Wọ́n ní ó kéré sí mi, sà."

Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Rosemary di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Festus!"

"Bí mo bá délé, mi ò ní lè sùn náà," ni bàbá náà wí. Ó rọra yọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò lára aṣọ. Kenny rí wọn bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sídìí bàálù. Ó wo ilẹ̀, kò sì sọ pé kí wọ́n dúró.

Àlọ wọn dára. Ọyẹ́ sọ gbogbo ayé di funfun, ṣùgbọ́n Bàbá Festus mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nafisah ti ń dúró pẹ̀lú obìnrin náà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó gbé ìgò omi tí wọ́n ń fà sí i lára sókè. Lateefah ni orúkọ obìnrin náà. Ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ìyá rẹ̀ pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Fikáyọ̀, nọ́ọ̀sì inú bàálù, gba aláìsàn náà, wọ́n sì gbéra.

Wọ́n ti fò jìnnà nígbà tí Bàbá Festus béèrè pé, "Ibo la wá ń lọ?"

Tósìn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Abuja ni, Dádì."

"Ibo la wá ń lọ?"

Lọ́tẹ̀ yìí ó wojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń ṣàn ní igun rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ̀ bọ́ kúrò lórí ohun ìdarí, ó ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá. Kí Tósìn tó lanu, bàbá náà ti wó síwájú, imú bàálù sì dorí kọ ilẹ̀.

Tósìn fi gbogbo agbára fa ohun ìdarí mọ́ra. "Fikáyọ̀! Wá fa Dádì sẹ́yìn! Fà á sẹ́yìn!" Fikáyọ̀ há sáàárín aláìsàn méjì, kò mọ ti èyí tí yóò ṣe. Nígbà tó yá, ó fi Lateefah sílẹ̀, ó kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá bàbá náà, ó fà á sẹ́yìn, ó sì fún bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà. Bàálù náà tún tọ́.

Láti ibẹ̀ dé Abuja, Tósìn ń bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀, ó sì ń bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Ó ní kó má sùn. Ó ní kó dákun. Bàbá náà ń wò ó pẹ̀lú ojú kan, ó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan tí kò já sí ọ̀rọ̀. Eruku bo Abuja náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ kó tó rí iná ojú ọ̀nà. Bàálù náà balẹ̀ gìdì, ó ta sókè, ó tún balẹ̀, ó sì sáré títí ó fi dúró. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bá Tósìn tí ó di ohun ìdarí mú, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ tú.

Lateefah yè. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì padà lọ bá ọmọ rẹ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá Festus. Apá òsì rẹ̀ kú, ahọ́n rẹ̀ wúwo, kì í sì ṣe ojoojúmọ́ ló ń dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Tósìn lọ kí wọn ní ọsibítù, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Rosemary.

"Dìde," ni Rosemary wí. Kò pariwo. "Èyí tí o kúnlẹ̀ níjọ́sí, a ò tíì rù ú tán."

Tósìn dìde. Ó gbé èso tó rà sórí tábìlì, ó sì jáde.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pásítọ̀ pè é jáde, ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn oníròyìn wá sílé ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní akọni, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń bù ú máṣọ. Àwọn aláṣẹ bi Kenny léèrè ìdí tó fi jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó sinmi fò. Àwọn òṣìṣẹ́ fi tapólì bo ẹ́ńjìnnì bàálù náà, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Fóònù tún dún kí ọyẹ́ tó lọ. Nafisah ni.

"Ọmọ kékeré kan ni lọ́tẹ̀ yìí. Ejò bù ú jẹ, oògùn rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi."

"Dókítà, kò sí awakọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo gbé e balẹ̀ níjọ́sí?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí n dá fò."

Tósìn ń gbọ́ ariwo ọmọ náà lẹ́yìn Nafisah, tí ó ń ké pe ìyá rẹ̀ lédè Hausa. Ó ní kí dókítà náà dúró de òun. Ó pe gbogbo ọ̀gá awakọ̀ tó mọ̀. Àwọn kan kò gbé fóònù. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní Èkó, ló gbà pé òun yóò wá tó bá di ọ̀túnla. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni Nafisah fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́.

Súnkànmí ló wá iṣẹ́ fún Tósìn lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Ibẹ̀ ló ti máa rí ọ̀gá tí yóò jókòó tì í, títí yóò fi fò tó bí òfin ṣe fẹ́. Ní Abuja, kò sẹ́ni tó lè jókòó tì í mọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó gbà láti lọ. Ó ku ọ̀la kó lọ, ó pe Nafisah láti dágbére fún un.

"Màá padà wá," ni Tósìn wí. "Tí wọ́n bá ti sọ mí di ọ̀gá, màá padà."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ níbí, ta ni kí n máa pè?"

Tósìn wá orúkọ títí. Nígbà tí kò rí, ó ní kó máa pe Kenny.