Ta Ló Gbé Bútà Tìrìmísíyù?

"Ta ló gbé bútà mi?"

Tìrìmísíyù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ìrun ọ̀sán ti tó, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ṣùgbọ́n bútà pupa tó fi ń ṣe àlùwàlá kò sí lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó máa ń gbé e sí. Àǹtí Oríyọmí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run o."

"Kí ni mo fẹ́ fi bútà ṣe? Ṣé kí n fi se tíì ni?"

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ló ti rí i nígbẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, níbi tó ti rí i lánàá náà. Ó kùn díẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó sì dá bútà padà sí àyè rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni tiwọn, ní Lásunwọ̀n, nínú Ìkòròdú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ́tísìmù ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ariwo tí àwa ò kà sí lè dun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ìlù tí wọ́n ń lù mọ́ wọn létí, ìfọwọ́kàn lásán sì lè jọ ẹ̀gún lára wọn. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwẹ̀, ìfọyín, aṣọ wíwọ̀, ẹyin díndín, gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń dá dúró. Tìrìmísíyù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lójú kan, bó bá sì rí eré àdììtú nínú ìwé ìròyìn, oúnjẹ rẹ̀ á tutù kó tó gbójú sókè. Àdììtú tó wá wà níwájú rẹ̀ báyìí kì í ṣe ti inú ìwé. Fàsásì ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Fàsásì, ó ti ga ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Aṣọ tó bá ká, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ti ṣọ́ọ̀bù dé ni. Ó ń din ẹyin láìjóná. Ṣùgbọ́n kí ó wẹ̀? Á wọ ṣòkòtò péńpé wọlé, á fi ọṣẹ para, á ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí abọ́ omi àkọ́kọ́ bá ti bà á lórí báyìí, á lọgun pé, "Ó tó!" á sì já jáde tòun ti ọṣẹ lórí.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń fi táwẹ̀lì tútù nù ún díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Ìyá ọ̀hún, Mùnírátù, ti wá ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Máríínà. Bàbá ọmọ wà ní Pọtakọ́tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ máa jáde nílé.

"Ùńkù," ó sọ fún Tìrìmísíyù, "ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n dáhùn. Bí kò bá lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò lè gba iṣẹ́ náà. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé tó bá wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́, ó ń wẹ̀!"

"Ó ń wẹ̀, mà? Fúnra rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ń kọrin sí i."

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, Tìrìmísíyù ti gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ṣùgbọ́n ó ti dúró dè é nílé.

"Kí lẹ máa ń fún un tó fi ń wẹ̀, mà?"

"Kí ni mo fẹ́ fún un? Ọṣẹ dúdú rèé. Kànìnkànìn rèé. Omi kànga rèé. Á wọlé, á tilẹ̀kùn, á máa kọrin."

"Ẹ ò wọlé wò ó rí?"

"Tíṣà! Kí ni mo fẹ́ lọ wò lára ọkùnrin tó ga jù mí lọ?"

Tìrìmísíyù rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ìrun tó, ìyá náà yọ bútà kan lára ìṣó inú balùwẹ̀, ó gbé e fún un. Ó ṣe àlùwàlá, ó dá bútà kọ́ padà síbi ìṣó, ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí ọṣẹ. Ó gbé ọṣẹ, ó gbé kànìnkànìn, ó tún pọn omi kànga kún kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e lé itan nínú mọ́tò títí dé Ìkòròdú. Awakọ̀ bi í léèrè bóyá omi ti tán nílùú wọn ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Fàsásì gbóòórùn ọṣẹ dúdú, ó rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù bu omi Ẹ̀pẹ́, ó dà á sí i lórí.

"Ó tó!"

Ó ti já jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́ẹ̀gì dojú dé.

"Àlàájì olómi Ẹ̀pẹ́," ni Àǹtí Oríyọmí wí, "ẹ kú ìnáwó o."

Tìrìmísíyù gbé kẹ́ẹ̀gì dìde. Ìyá Fàsásì ti wọlé láti wá mú ọmọ rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú Tìrìmísíyù, ó sì mọ̀.

"Kò burú, Ùńkù. Ẹ ti gbìyànjú. Màá pè wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n kírun ná."

Ó yà síbi ẹ̀rọ omi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ta tún ló gbé bútà mi?"

Ẹnì kan ń kọrin. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Tìrìmísíyù àti Mùnírátù jọ yíjú sí balùwẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ga, kò ju èjìká géńdé lọ. Fàsásì ti gba ẹ̀yìn wọlé padà, ó ti tilẹ̀kùn mọ́ra. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n rí orí kan tí ọṣẹ dúdú bò, tó dijú, tó ń rẹ́rìn-ín, àti apá gígùn kan tó nà sókè. Omi ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, jẹ́jẹ́, láti iwájú orí dé ọrùn.

Mùnírátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ùńkù," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bútà yín kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, mà. Irú rẹ̀ ló wà lórí ìṣó l'Ẹ̀pẹ́. Ẹ sọ fún wọn ní Máríínà pé ẹ ń bọ̀."

Bútà pupa náà rì wọnú garawa, ó mu omi yó, ó sì tún yọ sókè.