Gàrí Àgọ́ Kùsà

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti rí ìparí ìwé mi! Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ń wá a kiri, àṣé inú ìpàdé ọmọ Èkìtì tí mò ń lọ lóṣooṣù ní Jos níbí ló jókòó sí.

Tíṣà ni èmi Kíkẹ́lọmọ, mo sì ń kọ ìtàn nípa àwọn èèyàn Òkè Ọya tí ìjọba òyìnbó fipá kó wá wa kùsà lẹ́bàá Bukuru nígbà ogun Hítílà. Ọkùnrin méje ló kú ní àgọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ló pa wọ́n? Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, mo béèrè títí, àwọn àgbà Bukuru kàn ń sọ fún mi pé sai haƙuri, pé kí n ṣáà ní sùúrù. Atẹ̀wé sì ti ní bí n kò bá parí ẹ̀ kí ọdún 1983 tó tán, òun ò ṣe mọ́. Ni mo bá fi ibà pa wọ́n nínú ìwé, torí mi ò rí nǹkan mìíràn fi pa wọ́n.

Lọ́jọ́ ìpàdé oṣù Nòfẹ́ńbà, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n ka díẹ̀ fún wọn. Mo ń kà á lọ. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń pín tuwo fún àwọn òṣìṣẹ́, Bàbá Sójà já lù mí.

Ó ní, “Kì í ṣe tuwo. Gàrí ni.”

Julius Ọlábọ̀dé lorúkọ Bàbá Sójà, Dogon Dutse ní Jos níbí ló ń gbé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Burma ló ti jagun, ó ti sọ ọ́ fún wa títí etí fi kún. Kò sí ohun tí bàbá yìí kì í tún ṣe mọ́ èèyàn lẹ́nu, àdúrà pàápàá kò yọ. Haba, orí mi gbóná. Mo ní Burma lẹ̀yin wà nígbà yẹn, ta ló wá sọ fún yín?

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, ojú òun ló ṣe. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo mú bírò.

Ó ní òun kò fojú kan Burma rí. Òun ni akọ̀wé oúnjẹ ní àgọ́ náà. Nígbà tí jéró tí wọ́n fi ń ro tuwo tán, tí ebi ti pa wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló ní kí òyìnbó kó gàrí wá, òun rò pé oore ni. Ta ni kò mọ gàrí láyé yìí? Òun pín in fún wọn, òun bá tòun lọ. Àṣé wọn ò jẹ ẹ́ rí, wọ́n bù ú jẹ ní gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n wá mu omi lé e. Inú wọn wú, ó sì pa méje.

“Mi ò fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀bà hàn wọ́n,” ó ní. “Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí.”

Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń kì í ní Sójà láti ọdún gbọọrọ, fi gèlè bojú. Kí n má parọ́, inú tèmi ń dùn, ó ń dùn débi pé ojú ń tì mí. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Ó ní rárá, kí n kọ Julius Ọlábọ̀dé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn méje náà ṣáájú. Ó bá bẹ̀rẹ̀: Audu, Tanko, Garba, Sule. Ó ń sáré pè wọ́n, bírò mi ò lè bá a.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa pè wọ́n.”

Ó ní, “Tí mo bá rọra, mi ò ní lè pè wọ́n tán.”