Ìkòkò Tí Wọ́n Fi Ìyẹ̀fun Dí Lẹ́nu

Aláago kò mọ iná í dá. Láti ìgbà tó ti gbéyàwó, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló mọ̀. Á yọjú, á béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná, ìyàwó rẹ̀ á sì lé e padà sídìí tábìlì. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju àpótí lọ, níbi tó ti ń tún aago ṣe títí orúkọ àbísọ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àfi bí àrùn ìgbàgbé ṣe wọlé tọ ìyàwó wá. Ó kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn nǹkan lọ, ó mú ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tó yá ó mú ọkọ pàápàá lọ. Ojú tí obìnrin náà fi ń wo Aláago báyìí, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó wá tún aago ara ògiri ṣe ni. Á ní kó jókòó, á pè é ní ọ̀gá, á bi í bóyá iṣẹ́ ọ̀hún máa pẹ́. Ìyẹn ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò lẹ́rìn-ín nínú ni pé ó ti kọ oúnjẹ. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un, ó fọwọ́ tì í. Wọ́n gbé ẹyin, ó fọwọ́ tì í. Aṣọ ti ń yọ̀ bọ́ léjìká rẹ̀.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ti kó wálé láti máa tọ́jú ìyá rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ dókítà dé. Bí màmá kò bá jẹun títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, wọn yóò dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọn yóò ti rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà kọjá bọ̀ ọ́ nímú. Nítorí pé kò ní ṣàì fẹ́ fà á yọ, wọn yóò de ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí wọ́n dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì," ni Aláago wí. "Ìyá tìrẹ?"

"Bàbá, ebi ò mọ ìyá ẹnì kankan."

Bí Aláago ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn. Ẹ̀wà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, tó máa ń se pẹ̀lú eegun màlúù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó dá a lójú pé bí imú obìnrin náà bá lè gbóòórùn rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á rántí iṣẹ́.

Èyí tó kọ́kọ́ sè gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Ọmọ rẹ̀ fi ṣíbí kàn án, ó ní kí bàbá bá wọn fi pamọ́, wọ́n á fi lẹ òrùlé tó ń jò. Ó tún òmíràn sè, ó ń ṣí i wò, ó ń bomi sí i. Ìyẹn rọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn. Adùn rẹ̀ ti bá ooru lọ, àwọn tó ń kọjá lójú pópó ló gbádùn rẹ̀.

Inú kò bí i. Aago tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan kì í nà án. Ṣíṣí ni wọ́n ń ṣí i wò. Ó gbé ìkòkò ìyàwó rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó ha awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú. Nǹkan funfun kan gan mọ́ etí ìkòkò náà yípo, irú rẹ̀ sì wà létí ọmọrí. Ìdọ̀tí ni wọ́n pè é tẹ́lẹ̀. Ó fi irin tó fi ń tú ìdè aago yọ èérún kan, ó jù ú sínú omi, ó dúró. Ó rọ̀, ó sì ń fà láàárín ìka rẹ̀. Ìyẹ̀fun ni.

Aláago rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí a máa po ìyẹ̀fun, a yí i bí okùn, a fi yí ẹnu ìkòkò ká, kó tó tẹ ọmọrí mọ́ ọn. Ooru á sun ún le. Ooru omi á gòkè, kò ní rí ọ̀nà jáde, á di omi, á tún kán padà sórí ẹ̀wà. Omi ò ní gbẹ, òórùn ò ní sá lọ. Ó ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ pé rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú aago gẹ́lẹ́ nìyẹn, àfi pé ti ìyá rẹ̀ ń sé omi mọ́lé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó to eegun sísàlẹ̀, ó da àlùbọ́sà, ẹ̀wà, ata àti òróró lé e, ó bomi sí i, ó dí i lẹ́nu, ó dín iná kù. Kò kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó fi ìdí ṣíbí lu ìyẹ̀fun gbígbẹ náà, ó fọ́ bí àpáàdì, òórùn ẹ̀wà sì tú jáde gba ilé kan. Ọmọ rẹ̀ tó ń ká aṣọ nínú yàrá dúró gbọnin.

"Bàbá," ó ní, "òun nìyẹn."

Wọ́n bù ú lọ fún ìyá. Imú rẹ̀ kọ́kọ́ mira, ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ tó ti ṣófo látọjọ́ yìí wá là. Ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó fi ṣíbí rò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ṣíbí lélẹ̀, ó mú àwo pẹrẹsẹ kan, ó fi bò ó.

"Màmá, ẹ jẹun."

"Kí n jẹun kẹ̀? Ọkọ mi ò tíì dé."

Bó ti ń ṣe látìgbà tó ti wọlé ọkọ nìyẹn. Bó ti wù kí ọkọ pẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù, kì í fi ẹnu kan oúnjẹ kó tó wọlé. Aláago ti bá a jà sí i títí, ó sú u.

"Èmi rèé," ni ó wí. "Mo ti dé."

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ọ̀gá, aago lẹ wá ṣe, ẹ ṣe aago. Ẹ fi ọkọ ọlọ́kọ sílẹ̀."

Aláago jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó húkọ́ bó ti máa ń húkọ́ nígbà tó bá tibi iṣẹ́ dé, ó wọlé, ó gbé fìlà kọ́. Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ wọn fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, ìyá di ẹnu pọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ abọ́ náà pẹ̀lú agbára tí wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ní. Ọmọ náà ní òun á pe ilé ìwòsàn bí ilẹ̀ bá mọ́. Bàbá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Bí oúnjẹ bá ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ de ọkọ tó.

Ẹ̀wà ti ń tutù. Aláago nawọ́ pé kóun lọ gbé e kaná, ìyàwó rẹ̀ gbá a lẹ́yìn ọwọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń gbá àlejò tójú ń kán.

"Ẹ ní sùúrù," ó ní. "Bó bá dé, á bu díẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ahun."

Aláago fa àga kan, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀kùn.