Ummulkhair Ló Ṣáájú Ijó Ará Brittany

Ká sọ tòótọ́, Fàtáì kì í ṣe oníjó. Iṣẹ́ ilé ló mọ̀: ogún ọdún ló ti ń lẹ táìlì káàkiri ìlú Laurel ní Amẹ́ríkà, bó bá sì wọ ilé onílé, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò kó tó kí èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí Ummulkhair, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ní òun ń kọ́ ijó àwọn ará Brittany létí òkun ilẹ̀ Faransé, ńṣe ló yínmú. Ìgbà tó wá gbọ́ pé tọkùnrin tobìnrin ní í tò sórí ìlà, tí wọ́n á fi ìka ọmọńdinrín kọ́ra wọn, ó ní ọ̀rọ̀ parí, ọmọ òun kò ní fi ìka kọ́ ọkùnrin kankan ní gbangba.

Ọmọ náà kò bínú. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, bí ẹnìkan níbẹ̀ bá kọ́lé, amọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀. Onílé yóò ké sí aládùúgbò, wọn a kọ́wọ́ ra, wọn a máa fi ijó kì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Sìmẹ́ńtì dé, amọ̀ kógbá sílé, ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i: ijó bọ́ sí gbọ̀ngàn, gìtá kún fèrè, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá sì gbà á.

Fàtáì gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Ọ̀yọ́ náà a máa kó obìnrin jọ láti lu ilẹ̀ ilé, torin torin. Ẹni tó bá mọyì ilẹ̀, kò lè yọ ṣùtì sí i. Ó béèrè bóyá ààyè kan wà tí ọkùnrin kò ti ní fọwọ́ kan ọmọ òun. Ummulkhair ní ẹyọ kan ni, iwájú pátápátá, nítorí ẹ̀yìn ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń dara pọ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin. Ẹni tó ń ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń fún ẹlòmíì, ọ̀rẹ́ òun Oyèníkẹ́ sì lè dúró níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jó jù ni wọ́n ń fi síwájú.

"Bí wọ́n bá fi ẹ́ síwájú, jó," ni Fàtáì wí. "Bí wọn ò bá fi ẹ́ síwájú, jókòó."

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ilé kìì kìì.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n jó o, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí New Carrollton, òun ló wà níwájú tòun ti híjáàbù rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ijó náà ní kí àwọn òbí wá dara pọ̀, orí Fàtáì ti wú débi pé kò mọ ìgbà tó dìde. Ó lọ fi ìka kọ́ ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ tó ṣófo. Ni gbogbo èèyàn bá dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ummulkhair rọra sọ ọ́ sí i létí. "Dádì, ẹni tó bá dúró síbi tẹ́ ẹ wà yìí ló ń lead. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún yín?"

Fàtáì mọ̀ pé bóun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà yóò gbà láìjanpata. Ó tú ìka rẹ̀.

"Rárá. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ó rìn kọjá gbogbo wọn lọ sẹ́yìn pátápátá, ó fi ìka kọ́ ti bàbá òyìnbó kan. Fèrè dún, wọ́n yí sí òsì, Fàtáì ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bàbá náà bi í pé ta lọmọbìnrin tó ń jó dáadáa tó báyìí níwájú.

"Ọmọ mi ni," ni Fàtáì wí. "Òun ni mò ń tẹ̀lé."