Iná Wo Lẹ Ń Sọ?

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti sú Ìyá Wáyà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yé e. Òun tó ti fa iná wọ ilé tí kò níye, ilé ẹṣin kan ṣoṣo ti fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́. Arẹwà, abo ẹṣin bàbá, ti lóyún, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òjò sì ń ṣú. Síbẹ̀ bàbá ní ẹṣin òun kò ní wọ ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún un àfi bí ètò ibẹ̀ bá tẹ́ òun lọ́rùn.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ ka àwòrán iṣẹ́ náà sí bàbá létí, bàbá ní kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí koríko gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì pa gílóòbù yàrá koríko rẹ́ kúrò nínú àwòrán. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, bàbá wọ yàrá koríko náà, ó ń táràrà, ó ní ṣé bí olè ni òun yóò ṣe máa kó koríko nínú òkùnkùn ni.

Ìyá Wáyà tún la ihò atẹ́gùn gbọọrọ sábẹ́ òrùlé, kí òórùn ìtọ̀ lè rí ọ̀nà jáde, kí àwọn ẹṣin má baà máa wúkọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó bá a tí bàbá ti fi pákó kàn án pa. Bàbá ní atẹ́gùn ni ọ̀rẹ́ iná. Ọmọ ní inú páìpù irin ni iná òun ń gbà, kí ló kan atẹ́gùn níbẹ̀? Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé ogbó ti ń gba iyè lọ́wọ́ bàbá òun. Ọkọ rẹ̀ ní ó jọ pé wáyà kan ti já lórí bàbá. Ọ̀rọ̀ náà kò pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò dé. Ìyá Wáyà bá bàbá nínú àgbàlá, tó na agboòrùn bo Arẹwà, òun fúnra rẹ̀ tutù rinrin. Inú bí ọmọ, àánú sì ṣe é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Iná wo gan-an lẹ ń sọ?"

"Ewo ló tún kù? Èyí tó jó ilé ẹṣin wa àtijọ́, tó jó ìyá Arẹwà mọ́ ibẹ̀. Mo mọ̀ pé gílóòbù lò ń wí. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní o fẹ́ fa iná dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, òórùn èéfín ni mò ń gbọ́."

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìyá Wáyà fa bàbá wọlé, ó tún àwòrán náà kà láìpe 'iná' rárá: gílóòbù tí dígí bò fún yàrá koríko, wáyà nínú irin, súìṣì àgbà tí yóò pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níta, níbi tí ọwọ́ bàbá yóò tó. Bàbá ní kó tún ibi súìṣì kà. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Arẹwà ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ gílóòbù àkọ́kọ́. Ìyá Wáyà fẹ́ máa lọ, ó na ọwọ́ sí súìṣì àgbà.

"Fi iná sílẹ̀ fún un," bàbá ní.

Kò dá ọmọ lójú pé òun gbọ́ dáadáa, ó bi bàbá pé kí ni wọ́n wí. Bàbá tún un sọ.