Èdè Àwọn Adẹ́mu

Ọ̀pẹ kan hù sáàárín yàrá ìdánrawò, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ kò sì sán. Imọ̀ rẹ̀ gba inú àjà kọjá bí ẹni pé kò sí páànù lókè. Abọ́sẹ̀dé wò ó, ẹ̀rù kò bà á. Bàbá rẹ̀, tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, ló ń gùn ún, igbà ní ìdí, ọ̀bẹ láàárín eyín, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń dẹ́mu.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Kúrò nídìí igi. Dúró lókèèrè."

Ohùn náà ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ jáde, kò sì sí èyí tí kò yé e. Ó sún sẹ́yìn. Ìwé tó ti ń dà á láàmú láti oṣù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìró ogójì tó kó jọ fún èdè àwọn adẹ́mu àtijọ́ inú fíìmù tí Kújọrẹ́ ń darí. Kò kàwé débì kan. Etí ló fi kọ́ ohun tó mọ̀. Kì í gba ọ̀rọ̀ aláràbarà gbọ́, àmọ́ nígbà tí Kújọrẹ́ ní kí èdè náà wúwo bí ewì, ó gbà. Ó to gb, p àti mgb jọ síwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Òṣèré kan ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Bí Abọ́sẹ̀dé kò bá tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀mọ̀wé kan ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún.

"Bàbá, wọn ò lè pè é," ó ní. "Ẹ yọ ọ̀bẹ yẹn ká jọ sọ̀rọ̀."

"Kí n já lulẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀?"

Ó dé ọrùn ọ̀pẹ, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé ojú ẹmu, ó so akèrègbè mọ́ ọn. Ó tún ti ọ̀bẹ bọ eyín, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Èdè ta ni?"

"Ti àwọn adẹ́mu."

"Lórí igi ńkọ́? Ṣé ó ṣeé sọ?"

Abọ́sẹ̀dé wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Abọ́sẹ̀dé, o mà ti rù o. Ṣé o ń jẹun ṣá?"

Kó tó dáhùn, ó jí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, oòrùn ọ̀sán ń ta á lójú.

Kò sunkún. Ó wọ ilé ìdáná, ó há ẹ̀yìn ọ̀bẹ ìbẹṣu sáàárín eyín, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ń pe ìró náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gb kò jáde, ètè kò lè pàdé. M kò jáde. Èyí tí kò bá ti jáde, ó fi bírò fà á nù.

Tinúadé àbúrò rẹ̀ bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu ti tán nílé ni, tàbí èmi lẹ fẹ́ pa?"

"Jókòó. Tẹ́tí."

Ó ka àwọn tó ṣẹ́ kù pọ̀ léraléra. Ẹ̀rín Tinúadé dáwọ́ dúró.

"Bàbá nìyẹn," ló sọ. "Bí wọ́n ṣe máa ń pè wá látorí ọ̀pẹ nìyẹn."

Abọ́sẹ̀dé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń kà lọ.